Ara Tí A Kọ́, Orúkọ Tí A Sọ: Orlando Martins àti Jimoh Aliu Nínú Sinimá

Nínú gbogbo ohun tí a ń sọ nípa eré orí ìtàgé àti sinimá nínú àwọn kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó máa ń gba ipò iwájú. A ń yẹ òwe wò, a ń tú ọfọ̀ palẹ̀, a ń ṣe àlàyé oríkì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, èyí ni ara òṣèré. Ta ni ó kọ́ ara náà? Iṣẹ́ wo ni ó ti ṣe kí ó tó dé iwájú ẹ̀rọ ayàwòrán? Kí ni ó fà á tí ọkùnrin kan yóò fi dúró láìsọ ohunkóhun, tí àwọn òǹwòran yóò sì ti mọ̀ pé alágbára ni? Àwọn kan nínú wa a tilẹ̀ máa sọ pé ọ̀rọ̀ iṣan àti egungun kò kan ọ̀mọ̀wé, pé kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbé irin. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí n kò sì fi gbà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Ènìyàn méjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni Orlando Martins, ọmọ Èkó, tí a bí ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1899, tí ó di gbajúmọ̀ nínú sinimá àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni Jimoh Aliu, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí a bí ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1939, tí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Àwòrò. Ẹrù rírù àti ìjàkadì ni ó kọ́ ara ti èkíní. Eré alárìnká àti iṣẹ́ ológun ni ó kọ́ ara ti èkejì. Bí a bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, a ó rí i pé ara tí a kọ́ dáadáa a máa fún òṣèré ní agbára lójú àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìtàn, tí ó sì sọ alágbára náà lórúkọ, ni ó ń pinnu ohun tí agbára náà yóò dà lọ́kàn àwọn tí ń wò ó.

Ọjà ẹja àti gbọ̀ngàn ìjàkadì

Orúkọ Orlando Martins kò ṣe àjèjì sí àwọn àgbàlagbà Èkó, nítorí ibẹ̀ ni ó padà sí nígbà ogbó rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 1985. Takiu Folami kọ odindi ìwé lórí ayé rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1983. Ṣùgbọ́n nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ ní Adó-Èkìtì, àwọn tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Martins bá ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wá ohun tí yóò jẹ. Kò sí iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ kò rí. Ó ṣe alábàárù ní ọjà ẹja Billingsgate. Ó ṣe ọdẹ òru. Ó bá ẹgbẹ́ Sanger, àwọn tí ń kó ẹranko kiri láti fi dá ará ìlú lárayá, ṣiṣẹ́, òjòlá sì ni òun ń mú lọ́wọ́ níwájú àwọn òǹwòran. Ó sì tún ja ìjàkadì fún owó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ alábàárù yìí. Orí ni àwọn alábàárù Billingsgate fi ń ru àpótí ẹja ní ayé ìgbà náà, wọn a sì dé fìlà aláwọ líle kan tí òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí àpótí lè jókòó dáadáa. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ohun tí ẹrù orí ń ṣe sí ènìyàn. Ọrùn a le, ẹ̀yìn a gún, ẹsẹ̀ a máa wá ilẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ojú a sì máa wo iwájú gan-an, nítorí ẹni tí ó ru ẹrù kò gbọdọ̀ tẹrí ba. Nígbà tí a bá rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú sinimá, a ó ní ìrìn ọba ni. Bẹ́ẹ̀, ìrìn alábàárù ni.

Ìjàkadì ni ó tún ara náà kọ́. Ní ilé, ìjàkadì jẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ àti ọ̀ràn iyì ìlú. Àwọn ará Ọ̀fà fi í kún oríkì ìlú wọn, kò sì sí apá ibì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn àgbà kò ti ní ìtàn ẹni kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí. Bí a bá ti dá ẹnì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, onílù yóò sì yí ohùn padà sí ẹni tí ó borí. Ìjàkadì olówó tí ó gbilẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930 yàtọ̀ sí èyí. Àwọn ènìyàn ti sanwó ìwọlé, wọn kò fẹ́ kí ìjà parí ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fẹ́ rí ẹni ibi àti ẹni rere, wọ́n fẹ́ pariwo, wọ́n fẹ́ bínú, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Oníjàkadì níbẹ̀ jẹ́ òṣèré ní ìlàjì.

Ohun mẹ́rin ni irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn, gbogbo wọn ni ó sì wúlò fún sinimá. Èkíní ni ìdúró: oníjàkadì a máa tẹ orúnkún díẹ̀, a pín ìwọ̀n ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, débi pé ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé igi ìrókò ni. Èkejì ni ìṣubú: ó gbọ́dọ̀ ṣubú kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá rí i pé ó ṣubú, síbẹ̀ kí egungun rẹ̀ má ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni èémí: ẹni tí èémí rẹ̀ bá tán ni a ń dá, nítorí náà a kọ́ bí a ti ń mí láti ìsàlẹ̀ ikùn, láìfi àyà sáré sókè sódò. Ẹ̀kẹrin ni sùúrù: kí ọwọ́ tó kan ọwọ́, ojú ni ó kọ́kọ́ ń jà, ẹni tí ó bá sì yára gbé ẹsẹ̀ ti fi àṣírí ara rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá ní ìdúró, ìṣubú, èémí àti sùúrù ti ní ìdajì iṣẹ́ òṣèré lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun karùn-ún wà tí gbọ̀ngàn ìjàkadì fún Martins, tí kò dára tó àwọn mẹ́rin ìṣáájú. Ó fún un ní orúkọ. Black Butcher Johnson ni wọ́n ń pè é nídìí ìjàkadì, èyí tí a lè túmọ̀ sí Johnson Alápatà Dúdú. Ẹ wo orúkọ yìí dáadáa. Àwọ̀ ara wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, orúkọ ìdílé tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí Martins ti jáde wá jẹ́ ilé kan ní Èkó tí baba rẹ̀ ní orírun ní Bràsíìlì, ilé tí ó ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí ń ta ìwé ìwọlé kò wo ilé yìí. Ara nìkan ni wọ́n wò.

Ohun tí ẹ̀rọ ayàwòrán rí

Martins ti wọ sinimá láti ìgbà tí àwòrán kò tíì máa sọ̀rọ̀. If Youth But Knew ti 1926 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó kópa nínú Sanders of the River ní 1935 àti Song of Freedom ní 1936, nínú èyí tí Paul Robeson ọmọ Amẹ́ríkà jẹ́ olórí òṣèré. Ní 1936 yìí kan náà, ó wà lára àwọn tí ó bá Robeson ṣe eré tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint Louverture lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun kan yẹ kí a ṣàkíyèsí nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí sinimá Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní àkókò yìí. Robeson ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga Rutgers débi pé a yàn án mọ́ àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní 1917 àti 1918. Robert Adams, tí ó wá láti Gùyánà, ti ja ìjàkadì fún owó gẹ́gẹ́ bí Martins, Black Eagle sì ni orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, èyí ni Idì Dúdú. Martins gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ni Alápatà Dúdú. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; Robeson tilẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òfin títí ó fi gba oyè. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ ṣí fún wọn ni ọ̀nà ara. Bí aláwọ̀ dúdú kò bá ga, kí ó fẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀, agbára káká ni wọn yóò fi rí i lójú àwòrán ńlá.

Sinimá Men of Two Worlds, tí Thorold Dickinson darí, tí ó sì jáde ní 1946, ni ó dára jù láti fi ṣe àyẹ̀wò ọ̀ràn yìí. Adams ṣe Kisenga, atẹdùùrù tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wá padà sí Tanganyíkà láti bá àwọn ará abúlé rẹ̀ gbógun ti àrùn oorun tí eṣinṣin ń tàn kálẹ̀. Martins ṣe Magole, adáhunṣe tí ó dojú ìjà kọ ọ́. Magole sọ fún Kisenga pé yóò kú, ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ rí i pé oníjàkadì méjì ni olùdarí sinimá yìí kó síwájú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìjà tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ti dídáni mọ́lẹ̀. Ìjà ọkàn ni. Ohun tí ó mú un dà bí òtítọ́ ni sùúrù tí Martins ti kọ́ nídìí ìjàkadì: ó mọ bí a ti ń dúró, ó mọ bí ojú ti ń ṣáájú ọwọ́, kò yára. Ẹni tí kò ní ara bẹ́ẹ̀ ì bá pariwo kí á tó bẹ̀rù rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí ìtàn náà gbé agbára rẹ̀ sí. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ ìwé ni ẹni rere. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ àwọn baba ni ẹni ibi. Ara Martins ṣe iṣẹ́ tí a rán an, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó rán ara náà ní iṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni The Hasty Heart jáde, ní 1949. Ronald Reagan, tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Richard Todd àti Patricia Neal. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn aláìsàn wá láti ilẹ̀ oríṣiríṣi, olúkúlùkù sì ní ohun tí yóò sọ. Martins ni ọmọ Áfíríkà tí ó wà láàárín wọn. Blossom ni wọ́n ń pè é, èyí ni Ìtànná, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orúkọ yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ohun yòókù, ara ni ó fi sọ ọ́: bí ó ti jókòó, bí ó ti yí ọrùn, bí ó ti rẹ́rìn-ín. Mo ti fi apá kan sinimá yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ kí ohùn jáde, gbogbo wọn ni ó sì lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Blossom. Àṣeyọrí ńlá ni fún òṣèré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ohùn ńlá bẹ́ẹ̀, tí ó ti kọrin kiri pẹ̀lú àwọn òṣèré Show Boat rí, ni a fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú pé ìdárayá nìkan kì í sọ irú ẹni tí òṣèré yóò dà, kí ó wo àwọn sinimá Tarzan. Johnny Weissmuller, tí ó kọ́kọ́ di gbajúmọ̀ nípa wọn láti 1932, jẹ́ òmùwẹ̀ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà márùn-ún ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti 1924 àti ti 1928. Òun náà kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ ọ́ di olúwa igbó, àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di ọlá. Nígbà tí Martins fúnra rẹ̀ wọ irú sinimá bẹ́ẹ̀ ní 1957, nínú Tarzan and the Lost Safari, Gordon Scott, tí iṣan rẹ̀ yọ bí ti ẹni tí a gbẹ́, ni Tarzan. Martins ni baálẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dẹ́rù ba àlejò. Ara méjì tí a kọ́, ìtàn kan ṣoṣo: ọ̀kan di akọni, èkejì di ewu inú igbó.

N kò sọ èyí láti bu Martins kù. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì la ọ̀nà fún àwọn tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó darúgbó, ó tún kópa nínú sinimá tí a ṣe nílé láti inú iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé wa, bí Kongi's Harvest ti Wole Soyinka ní 1970. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún agbára rẹ̀ ti lọ sínú ìtàn tí ẹlòmíràn kọ.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí

Nílé, ọ̀nà mìíràn ni ara òṣèré gbà di ohun tí a ń wò. Àwọn aṣáájú eré Yorùbá òde òní kò lọ sí gbọ̀ngàn ìjàkadì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti ṣe iṣẹ́ tí ń kọ́ ara ní ìbáwí. Hubert Ogunde jẹ́ ọlọ́pàá ní àwọn ọdún 1940 kí ó tó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ fún eré. Jimoh Aliu ní tirẹ̀ ṣe ológun.

Òkèmẹ̀sí, ìlú rẹ̀, jẹ́ ìlú tí òkè yí ká ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ìlú Fábùnmi ni, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí ó sì parí ní 1893. Ọmọ tí ó bá dàgbà níbẹ̀ yóò gbọ́ ìtàn jagunjagun kí ó tó mọ ọ̀nà oko, ọ̀nà oko náà yóò sì mú un gun òkè. Bàbá Jimoh Aliu jẹ́ babaláwo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní eré, ọ̀rọ̀ ti wà nílé; ó ti mọ̀ pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ alágbára bí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà.

Ní 1959, Akin Ogungbe àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ wá ṣeré ní Òkèmẹ̀sí, Jimoh Aliu sì bá wọn lọ. Ọdún méje ni ó lò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí kò mọ bí ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká ti rí lè rò pé eré nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ara ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ eré ni yóò kó ẹrù sínú ọkọ̀, òun ni yóò kó o sílẹ̀, òun ni yóò kan pákó ìtàgé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ti ìlú. Lẹ́yìn náà ni yóò jó, tí yóò kọrin ìṣíde, tí yóò lùlù, tí yóò ṣe ìránṣẹ́ ní ìran kìíní kí ó tó ṣe ọmọ ogun ní ìran kẹta. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìlú mìíràn ni. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí ẹ̀rọ tí ó gbé e. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọdún méje, kò sí ilé ìdárayá tí ó tún lè fi nǹkan púpọ̀ kún un.

Ní 1966, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, èyí tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun, kò sì jáde níbẹ̀ títí di 1975, nígbà tí ó padà sínú eré pátápátá. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ kan. Bí mo bá fẹ́ sọ ohun tí eré fi kọ́ ọ àti ohun tí ogun fi kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, n ó sọ pé eré kọ́ ọ bí a ti ń rìn, ogun kọ́ ọ bí a ti ń dúró. Ní orí ìtàgé, òṣèré kì í fẹ́ dúró sójú kan, nítorí ó ń bẹ̀rù kí òǹwòran má sùn. Ní pàréèdì, ènìyàn yóò dúró títí oòrùn yóò fi yí, kò ní gbọn, ojú rẹ̀ kò ní kúrò níwájú, ohùn kan ṣoṣo ni yóò sì mú un gbéra. Ẹ̀rọ ayàwòrán fẹ́ràn irú ìdúró yìí ju gbogbo ìjó lọ. Òǹwòran sinimá súnmọ́ òṣèré ju òǹwòran ìtàgé lọ. Bí ìpéǹpéjú bá ṣẹ́, ó rí i. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́ kò lè ṣe ẹni ńlá lójú àwòrán.

Àwọn tí ó wo eré rẹ̀ Àrélù lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980 yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Agbára nínú irú eré bẹ́ẹ̀ wà nínú ọfọ̀. Ọfọ̀ sì ní òfin tirẹ̀ tí ó kan ara. Àwọn gbólóhùn rẹ̀ a máa tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, èyí tí ó kẹ́yìn a sì máa wúwo ju gbogbo àwọn ìṣáájú lọ. Bí èémí bá já ní àárín, ìtumọ̀ já. Kò sí ẹni tí yóò gba ọfọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí náà, ìdárayá tí ó wúlò fún òṣèré Yorùbá kì í ṣe èyí tí ń mú apá tóbi nìkan. Èyí tí ń mú èémí gùn ni, èyí tí yóò jẹ́ kí ó gun òkè tán kí ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó. Òkè Òkèmẹ̀sí, ẹrù ọkọ̀ òṣèré àti pàréèdì ọmọ ogun ti fi èyí fún Jimoh Aliu kí Àrélù tó dé.

Àwọn akọni inú ìwé wa náà jẹ́rìí sí i. Nínú Igbó Olódùmarè tí D. O. Fagunwa kọ, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1949, Olówó-Ayé àti Èṣù-Kékeré-Òde kò dédé dì mọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán ara wọn wò, kí ìjà tó dé. Jimoh Aliu gbé ìtàn yìí náà ṣe eré, kò sì yà mí lẹ́nu pé òun ni ó gbé e. Ìtàn tí ó so agbára ara mọ́ agbára ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà mu.

Orúkọ méjì

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Orlando Martins jẹ́ Black Butcher Johnson. Jimoh Aliu jẹ́ Àwòrò. Àwòrò ni ẹni tí ń bọ òrìṣà fún ìlú, tí a fi ọ̀rọ̀ àti ètùtù sí ní ìkáwọ́. Orúkọ èkíní sọ fún òǹwòran pé kí ó bẹ̀rù ara. Orúkọ èkejì sọ fún un pé kí ó bọ̀wọ̀ fún ohun tí ó wà lẹ́yìn ara. Ara méjèèjì gba ẹ̀kọ́, ara méjèèjì lágbára. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Jimoh Aliu ni ó kọ eré rẹ̀, òun ni ó darí rẹ̀, òun ni ó ni ẹgbẹ́, àwọn tí ó sì ń wò ó mọ ilé tí orúkọ náà ti wá. Martins kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́rin yìí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé orúkọ tí a sọ nílé pàápàá a máa de ènìyàn mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Nínú Àrélù kan náà ni Ojo Arowosafe ti ṣe Fádèyí Olórò, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé títí ó fi kú ní 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ẹni tí ó bá ṣe ẹni ẹlẹ́rù dáadáa, àwọn ọmọdé a máa sá fún un ní ìta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Fádèyí Olórò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ń fọhùn, a ń dá a lóhùn, a sì ń rántí ohun tí ó sọ. Ìdè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdè ẹni tí a gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni èyí wúlò fún ní ọ̀dọ̀ wa lónìí? Ilé ìdárayá ti di púpọ̀ ní Adó-Èkìtì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ ṣe sinimá ń gbé irin ní àárọ̀, wọ́n ń ya ara wọn lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. N kò dá wọn lẹ́bi, ara líle dára. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ti yọ tán, tí kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e, olùdarí yóò fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́ tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ oríkì ọgọ́rùn-ún tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan yóò sọ ẹwà oríkì náà nù níwájú ẹ̀rọ.

Àbá mi fún àwọn olùkọ́ rọrùn láti dán wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sáré gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì ki oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí àwọn yòókù fi àmì sí ibi tí èémí rẹ̀ ti já. Kí ó ru àga sórí, kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ baálẹ̀ tàbí ti ìyá ọba bí ó ti ń rìn. Kí a kọ́ ọ bí a ti ń ṣubú lórí ẹní kí a tó ní kí ó ṣubú lórí ilẹ̀. Mo ti lo àwọn ìdánwò wọ̀nyí ní kíláàsì. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín a máa dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ bí ohùn tiwọn ti ń gbọ̀n.

Ohun kan ṣẹ́kù tí kò ṣe é fi falẹ̀. Jimoh Aliu kú ní Adó-Èkìtì ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 2020, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn tí ó bá a kan pákó ìtàgé, tí ó kọ́ wọn bí a ti ń dúró àti bí a ti ń mí, ṣì wà láàárín wa ní Èkìtì, ní Ìkàrẹ́ àti ní àwọn ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dàgbà. Ìwé ti wà lórí ayé Orlando Martins láti 1983. Ẹ̀kọ́ ara tí Àwòrò fi lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú orúnkún àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn àgbà wọ̀nyí, ibẹ̀ ni kí a sì lọ wá a kí ó tó bọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kí ó mú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ Òkèmẹ̀sí. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àgbà òṣèré kan, kí ó má kàn bi í ní ọ̀rọ̀ nìkan. Kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dìde, kí ó fi ìdúró náà hàn án.